MaxPermSize: àṣẹ mẹ́mọ́rì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá

MaxPermSize ni àṣẹ tí àwọn tó ń fi Java ṣiṣẹ́ máa ń kọ tẹ́lẹ̀ sínú ètò tó ń darí bí kóòdù ṣe ń di áàpù, kí Java má baà kú sẹ́nu iṣẹ́ nítorí àìtó mẹ́mọ́rì. Inú MAVEN_OPTS ti Maven tàbí fáìlì gradle.properties ti Gradle ló sábà máa ń wà. Kì í ṣe gbogbo Java ló nílò rẹ̀ nígbà náà. HotSpot, ẹ̀yà Java tó wọ́pọ̀ jù, ló ya apá kan mẹ́mọ́rì sọ́tọ̀ fún àlàyé nípa àwọn kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní PermGen. Apá yìí kéré, iṣẹ́ ńlá a sì tètè kún un. JRockit àti J9 ti IBM kò ní PermGen rárá.

Ní oṣù Kẹta 2014, Java 8 fi Metaspace rọ́pò PermGen. Oracle ló ni HotSpot àti JRockit, ó sì fẹ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan. Àṣẹ náà kò níṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ lásán ni Java 8 ń ṣe tó bá rí i, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìkìlọ̀ tí kò dá iṣẹ́ dúró, ta ni yóò kà á? Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Java 17 kọ̀ ọ́ jálẹ̀: bó bá ti rí i, kò ní dìde.

Ìṣòro yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù Android. gradle.properties tí Android Studio ń bá ẹni ṣe nígbà kan ní MaxPermSize=512m nínú, pẹ̀lú -Xmx10248m kan tó jọ àṣìtẹ̀ pátápátá. Àmì #, tó ń mú kí Gradle fo ìlà, ló ṣíwájú wọn, nítorí náà wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfi ẹni tó bá yọ # kúrò nígbà tí mẹ́mọ́rì ń dà á láàmú. Android Gradle Plugin 8.0 ti 2023 ní Java 17 ni òun fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bamidele Olumilua ní Ìkéré-Èkìtì tó bá gba iṣẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bá “Unrecognized VM option” pàdé kí ó tó kọ ìlà kan.

Ìlà yẹn nìkan ni kí ó yọ. -Xmx, àṣẹ mẹ́mọ́rì kejì tó máa ń wà níbẹ̀, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi MaxMetaspaceSize dípò, wọ́n á sì gbé iye àtijọ́ sí i. Java fúnra rẹ̀ kò fi ààlà sí Metaspace (Gradle a máa fi tirẹ̀ sí i), nítorí náà ẹni tó kọ 128m síbẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá PermGen padà. Bí àṣìṣe náà bá ṣì ń yọjú, kí ó wo gradle.properties tó wà nínú fódà .gradle lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń borí èyí tó wà nínú iṣẹ́.