Ta ló kùnà? Ìtàn iṣẹ́ abẹ ìdínra-kù àti àwọn tí ara wọn kò rù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń kọ nípa ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó lè rù, tí ara rẹ̀ kò dín kù tó bí wọ́n ṣe rò, tàbí tí ó dín kù tí ó sì tún sanra padà. Wọ́n á kọ pé ó "kùnà". Nígbà mìíràn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sọ pé ó kùnà, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn bíi tèmi mọ̀ pé ẹni tí gbólóhùn bá gbé ẹ̀bi lé lórí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Bí ẹ̀bi yẹn ṣe ń ti orí ẹnìkan bọ́ sí orí ẹlòmíràn láti nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ lẹ́yìn lónìí.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnìkan bá ní "o mà ti ń sanra o", ìkíni ni, ó ń sọ pé ayé ń yẹ ọ́. Sísanra tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ti ìkíni. Èyí tó ń bá àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rìn ni, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè gun àtẹ̀gùn, tí kì í jẹ́ kó mí dáadáa lójú oorun, tí ó sì ti fi oúnjẹ du ara rẹ̀ títí tí kò ràn án.

Ní ìlú Gothenburg ní Sweden, lọ́dún 1952, dókítà kan tó ń jẹ́ Viktor Henrikson kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé òun gé sẹ̀ǹtímítà 105 kúrò lára ìfun kékeré obìnrin ẹni ọdún 32 kan. Ìdí tó fi gé e ni pé obìnrin náà kò lè tẹ̀ lé ètò ìjẹun tí wọ́n fún un dópin. Ẹ kíyè sí i pé kí ọ̀bẹ tó kan ara ẹnikẹ́ni rárá ni wọ́n ti ń sọ ohun tí aláìsàn kò lè ṣe. Àmọ́ ìbéèrè ni Henrikson fi ṣe àkọlé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa gé ìfun kékeré láti fi wo sísanra jù? Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1954, Arnold Kremen àti John Linner pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní Yunifásítì Minnesota gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára ajá, láti mọ apá ibi tí ìfun kékeré ti ń gba ọ̀rá inú oúnjẹ sára. Ibẹ̀ ni èrò náà ti rí ẹsẹ̀ rìn. Ní Los Angeles, Howard Payne àti Loren DeWind bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ènìyàn láti 1956. Ọgbọ́n wọn kò lọ́jú pọ̀: bí oúnjẹ kò bá pẹ́ nínú ìfun, ara kò ní rí i gbà. Wọ́n já ìfun kékeré lókè, wọ́n so ó mọ́ ìfun ńlá tààrà, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ láìlò. Ètò wọn ni pé bí aláìsàn bá ti rù dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́, wọn yóò tún ikùn rẹ̀ là, wọn yóò sì dá ìfun padà sí bó ṣe wà.

Àwọn aláìsàn rù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, omi àti iyọ̀ ara wọn ń ṣòfò. Nígbà tí wọ́n sì dá ìfun padà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, àwọn tí wọ́n dá tiwọn padà sanra padà, gbogbo wọn.

Ọdún 1963 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde, ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Wọn ò sọ pé ẹnìkan péré ló sanra padà, tàbí ẹni méjì tó jẹ́ wọ̀bìà. Gbogbo wọn ni. Bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú kíláàsì kan bá pàdánù ìdánwò kan náà, olùkọ́ tó bá lọ́kàn yóò tún ìbéèrè rẹ̀ wò. Ohun tí àwọn dókítà rí kọ́ nínú ti 1963 ni pé kí wọ́n má dá ìfun padà mọ́. Nígbà tó di 1969, Payne àti DeWind ti fi ìdí ọ̀nà tuntun múlẹ̀: íǹṣì 14 lókè ìfun kékeré, wọ́n so ó mọ́ íǹṣì 4 tó kẹ́yìn, ó parí. Íǹṣì 18 péré ni oúnjẹ yóò gbà kọjá nínú ìfun tó gùn tó mítà mẹ́fà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún.

Ìfun kì í ṣe páìpù omi. Ohun alààyè ni, bí o bá gé e kúrú, èyí tó kù yóò dàgbà, yóò fẹ̀, yóò nípọn, inú rẹ̀ yóò sì túbọ̀ máa gba oúnjẹ sára. Bí ìwọ̀n ara ọ̀pọ̀ wọn ṣe dúró sójú kan nìyẹn, tí ti àwọn mìíràn tún ń gòkè. Àwọn tó sì rù dáadáa, òkúta ń dá sí wọn ní kíndìnrín, oríkèé ara ń ro wọ́n, ẹ̀dọ̀ àwọn kan bàjẹ́ títí wọ́n fi kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì pátápátá.

Láàárín àkókò yẹn, Edward Mason ti ń gba ọ̀nà mìíràn ní Yunifásítì Iowa. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí wọ́n gé àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í tètè sanra. Lọ́dún 1966, òun àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ sí í pín àpòlúkù sí méjì: wọ́n so apá kékeré tó wà lókè mọ́ ìfun, oúnjẹ kò sì gba inú apá ńlá kọjá mọ́. Iṣẹ́ abẹ yìí ni bàbá ńlá èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní. Ṣùgbọ́n ó le, ó sì léwu nígbà náà, Mason fúnra rẹ̀ sì ń wá èyí tó rọrùn jù ú lọ. Lọ́dún 1980 ó mú un jáde: wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́, bí èyí tí a fi ń so ìwé pọ̀, kan àpòlúkù pa lóòró, kí ó ku àpò kékeré kan lókè, wọ́n sì fi òrùka dè é nídìí kí ó má fẹ̀. Ìfun wà bó ṣe wà. Ó yá, ó mọ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹran kò gba ojú ihò náà kọjá dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì. Ẹni tó bá jẹ wọ́n yóò bì. Áísìkiriìmù ń kọjá, ṣokoléètì ń yọ́ kọjá, mílíìkì oníṣúgà ń kọjá wẹ́rẹ́. Ohun tó ń kọjá ni àwọn ènìyàn ń jẹ. Lára àwọn mìíràn, irin tí wọ́n fi kan àpòlúkù tú, àpò kékeré sì tún di ńlá. Lọ́dún 1987, Harvey Sugerman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia fi iṣẹ́ abẹ ti 1980 wé ti 1966, wọ́n sì rí i pé àwọn tó fẹ́ràn nǹkan dídùn kò rù tó pẹ̀lú ti 1980. Ìwádìí gidi ni, ó sì wúlò, torí ó jẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ abẹ tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó tún bí orúkọ tuntun, "ajẹ-nǹkan-dídùn", tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aláìsàn lára. Bí ẹnu ọ̀nà ilé bá fún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran kò gbà á kọjá, tí mílíìkì ń gbà á kọjá, ta ló kọ́ onílé láti máa mu mílíìkì?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òdiwọ̀n náà gan-an, torí níbẹ̀ ni ohun tó yà mí lẹ́nu jù wà. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó kùnà? Láti àwọn ọdún 1980 ni ìlànà kan ti gbilẹ̀: wọ́n á wo ìwọ̀n tó "yẹ" kí ènìyàn wọ̀n, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè ní àlékún. Bí iṣẹ́ abẹ kò bá mú ìdajì àlékún yẹn lọ, ó ti kùnà. Níbo ni ìwọ̀n tó "yẹ" ti wá? Inú tábìlì ilé iṣẹ́ adójútòfò Metropolitan Life ní New York ni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní nǹkan bí 1943, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1983, láti fi ṣírò iye ọdún tí àwọn tó ra ìwé adójútòfò lè lò láyé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní tábìlì sọ pé kí obìnrin kan wọn kílógíráàmù 60, tó sì wọn 140. Àlékún rẹ̀ jẹ́ 80, ìdajì rẹ̀ 40. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó dín kílógíráàmù 38 kù, àtọ̀gbẹ rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn. Ó kùnà. Aládùúgbò rẹ̀ tí òun náà yẹ kó wọn 60 bẹ̀rẹ̀ láti 100, ó dín 20 péré kù. Òun yege.

Àwọn ohun tó tẹ̀ lé e yára. Lọ́dún 1994, Alan Wittgrove àti Wesley Clark ní California jábọ̀ pé ihò kéékèèké ni àwọn fi ṣe iṣẹ́ abẹ Mason, láìla ikùn. Lọ́dún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òrùka sílíkóònù tí wọ́n ń dè mọ́ àpòlúkù, tí wọ́n lè fún mọ́ra tàbí kí wọ́n dẹ̀. Ó gbayì fún bí ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà àwọn oníṣẹ́ abẹ wá ń yọ ọ́ kúrò lára ènìyàn ju bí wọ́n ṣe ń fi sí i lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù báyìí ni kí wọ́n gé àpòlúkù títí yóò fi ku bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

Ní 1999, akọrin Amẹ́ríkà Carnie Wilson gbà kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ó rù gidigidi, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Nígbà tó tún sanra, ojú ayé kan náà ló wà, ní 2012 ó sì lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Al Roker, tó ń sọ ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣe tirẹ̀ ní 2002. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí ìyá òun ń kú lọ ni òun gba bíi kílógíráàmù 18 padà. Adúláwọ̀ ni Roker, ọ̀pọ̀ ìwádìí ní Amẹ́ríkà ló sì ti fi hàn pé àwọn adúláwọ̀ kì í sábà rù tó aláwọ̀ funfun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan náà. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ oúnjẹ ló fà á gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé bí ìfẹ́ oúnjẹ ṣe mọ àwọ̀ ara yàtọ̀.

Ìlú Gothenburg ni mo tún padà sí. Láti 1987 ni Lars Sjöström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ènìyàn 2,010 tó ṣe iṣẹ́ abẹ, àti 2,037 tó sanra bíi tiwọn tí wọn kò ṣe é. Ní 2007 wọ́n gbé àbájáde jáde. Láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn tó ṣe irú ti 1966 ti dín ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, ti 1980 dín 25 kù, ti òrùka 20. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti di 25, 16 àti 14. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gòkè padà. Ìyẹn ni pé gbígba díẹ̀ padà ni ìṣe ara ènìyàn. Ẹni tó gba díẹ̀ padà kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nínú 2,010 yẹn, 1,369 ló ṣe irú ti 1980, èyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń pa tì káàkiri. Ẹni tó wọn kílógíráàmù 120 nínú wọn, bó bá dín ìdá 16 kù, kílógíráàmù 19 ni. Bí tábìlì bá ní kó wọn 65, kò tó ìdajì àlékún rẹ̀ rárá. Ó kùnà. Síbẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 11, ènìyàn 101 ló kú nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 129 nínú àwọn tí kò ṣe é. Àwọn tí òdiwọ̀n náà ń pè ní akùnà wà lára àwọn tí ẹ̀mí wọn gùn sí i.

Kí ló ń mú ìwọ̀n padà wá? Ní 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní Japan ṣàwárí họ́mọ̀nù kan tí àpòlúkù ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani. Ghrelin ni wọ́n pè é. Ní 2002, David Cummings àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle fi hàn pé ẹni tó bá fi àìjẹun rù, ghrelin rẹ̀ máa ń gòkè: bó ṣe ń rù ni ara rẹ̀ ń pariwo ebi sí i. Lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ irú ti Mason tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn họ́mọ̀nù mìíràn wà tí ìfun ń tú jáde láti sọ pé a ti yó, ara kan sì ń tú wọn jáde ju òmíràn lọ, ọ̀bẹ kan náà tàbí ọ̀bẹ ọ̀tọ̀.

Ní 2023, àwọn olùwádìí ní London gbé àbájáde ìwádìí kékeré kan jáde. Ènìyàn 70 ni wọ́n kó jọ, àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọn kò dín ju ìdá 20 lọ, tí ìfun wọn kì í sì í tú họ́mọ̀nù ayó tó bó ṣe yẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n fún apá kan ní abẹ́rẹ́ liraglutide, tó ń ṣe bíi họ́mọ̀nù yẹn, wọ́n fún apá kejì ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Ìmọ̀ràn kan náà lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá ni wọ́n fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tó gba oògùn ti dín nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún kù sí i. Àwọn tó gba ìmọ̀ràn nìkan kò dín tó ìdá 1.