Láti àpótí Asọ̀rọ̀mágbèsì dé fèrèsé Ìyá Ìbejì: bí Wi-Fi ṣe ń ti ilé dé ilé

1/
Ẹ gbọ́ ná. Ìyá Ìbejì tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa bẹ̀ mí lóṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe JAMB, dátà fóònù ò sì tó fún fídíò ẹ̀kọ́ tó ń wò. Wi-Fi wà nílé wa, torí iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà." Mo ra booster, mo gbé e sí pálọ̀ wọn.

Pàbó! Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, fídíò ń yí bí òkòtó.

2/
Ojú tì mí. Mo jókòó kàwé nípa ẹ̀, àfi bí mo ṣe já sínú ìtàn. Ẹ fara balẹ̀, ó dùn.

3/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní 1935, ìjọba òyìnbó gbé rédíò oníwáyà wá sí Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Wọ́n máa ń fa wáyà láti ilé iṣẹ́ wọn wá sínú ilé ẹni tó bá ń san owó oṣù, wọ́n á so àpótí kan mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ nìkan ni wàá gbọ́, BBC ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. O ò lè yan ilé iṣẹ́ mìíràn.

Màmá àgbà mi ní ilé kan ṣoṣo ló ní i ládùúgbò àwọn, ìta ilé yẹn ni gbogbo wọn ti ń gbọ́ ọ.

4/
Ẹ rántí orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò: Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "èsì" yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

5/
Ó di 1971, ní erékùṣù Hawaii. Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ fẹ́ kí àwọn tó wà ní erékùṣù mìíràn lè lo kọ̀ǹpútà tó wà ní Honolulu. Òkun wà láàárín, ni wọ́n bá lo rédíò. Wọ́n pè é ní ALOHAnet.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú. Òfin tí wọ́n ṣe ò le rárá: bí o ò bá gbọ́ èsì, dúró díẹ̀, kó o tún un sọ. Ìdúró tìrẹ ò sì gbọdọ̀ bá tẹnì kejì mu, kẹ́ ẹ má tún kọlu ara yín. Ìwà yẹn ṣì wà nínú Wi-Fi tẹ́ ẹ̀ ń lò lónìí.

6/
Ní 1985, àjọ FCC ní Amẹ́ríkà ṣí ojú ọ̀nà rédíò mélòó kan sílẹ̀ pé kéèyàn lè lò ó láìgba ìwé àṣẹ, tí kò bá ti lo agbára jù. 2.4 GHz wà nínú ẹ̀. Microwave tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná náà ń lo ibẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ni Wi-Fi ti wá hù.

Ìlànà àkọ́kọ́ jáde ní 1997. Orúkọ náà, Wi-Fi, dé ní 1999.

7/
Inú yàrá àti ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún o. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn máa ń gbọ́?

Ní 2001, ọkùnrin kan ní California, Rob Flickenger, fi agolo Pringles ṣe áńténà. Bẹ́ẹ̀ ni, agolo ìpápánu! Agolo yẹn ò fi agbára kankan kún un. Ohun tó ṣe ni pé ó kó ìgbì tó ń fọ́n ká gbogbo ìhà jọ sí ojú kan, bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu láti pe ẹni tó wà lókèèrè.

8/
Ẹni tó wá yà mí lẹ́nu jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ermanno Pietrosemoli ní Venezuela. Ní 2006, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Wi-Fi so orí òkè méjì pọ̀, 279 kìlómítà síra wọn. Ní 2007, wọ́n dé 382. Router kékeré, irú èyí téèyàn ń lò nílé, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Àṣírí wọn? Ibi gíga tí nǹkan kan ò dí, abọ́ dish tó dojú kọra, àti sùúrù. Wọ́n ní láti yí router náà padà kó lè dúró pẹ́ sí i de èsì, torí Wi-Fi lásán máa ń tètè rò pé ẹnì kejì ò gbọ́.

9/
Ẹ jẹ́ ká lọ sí Havana ní Cuba, níbi tí àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, ṣì ti ń bọ òrìṣà. Láti nǹkan bí 2001, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jọ gbá géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í so ilé mọ́ ilé. Íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ò sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà yẹn. Wọ́n gbé áńténà sórí òrùlé, wọ́n fa wáyà kọjá títì. Ó di SNET, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà lórí ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ṣòfin: kò sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, kò sí àwòrán ìhòòhò.

10/
Ní 2019, òfin tuntun dé: agbára áńténà ò gbọdọ̀ ju 100 milliwatt lọ, wáyà ò sì gbọdọ̀ kọjá títì. Àwọn ọ̀dọ́ lọ dúró níwájú ilé iṣẹ́ ìjọba láti bẹ̀bẹ̀. Kò bọ́ sí i. Nígbà tó yá, SNET wọ abẹ́ Joven Club, ibùdó kọ̀ǹpútà ìjọba.

Ó dùn mí gan-an. Ohun tí aládùúgbò fi ọwọ́ ara wọn ṣe fún nǹkan bí ọdún 18.

11/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn fẹ́ǹsì wa.

Booster ò yàtọ̀ sí elégbè. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu olórin ló máa gbè. Mo gbé e sí pálọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé rárá, kí ló fẹ́ gbè? Router wa náà, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà, ògiri bíríkì méjì àti táǹkì omi ló wà láàárín.

Mo gbé router lọ sí fèrèsé òkè tó kọjú sí wọn. Mo gbé booster sí fèrèsé tiwọn tó kọjú sí wa. Mo fi sórí 2.4 GHz, torí ó máa ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ. Kò ná mi ní kọ́bọ̀ mọ́.

12/
Ẹ̀gbọ́n mi, tá a jọ ń sanwó, ní, "Ṣé a ti di ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Mo ka ìwé àdéhùn wa: a ò gbọdọ̀ tà á. A ò tà á. Ọmọ náà ní password tiẹ̀, ó sì ní iye dátà tó lè lò lọ́jọ́ kan. Mo jókòó pẹ̀lú Ìyá Ìbejì, a sọ ọ́ lójúkojú. Ohun tí Havana kọ́ mi nìyẹn: kí áńténà tó dojú kọra, kí èèyàn kọ́kọ́ dojú kọra.

13/
Bí wọ́n bá mú iná ní ilé kan, ó tán nìyẹn. Mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí i.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Tuesday, fóònù mi dún: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, ó ti ṣí." Àpótí ayé Màmá àgbà ò lè gba irú èsì yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín?