Àlàfo Kìlómítà Kan: Òmìnira àti Ìdánìkanwà láti Ọba Kò So dé New Bell

Ní ọdún 1910 ni ìjọba Jámánì, tó ń ṣàkóso Kamẹrúùn nígbà náà, gbé ètò kan kalẹ̀ fún ìlú Douala. Kí àwọn ará Duala tó ń gbé etí odò Wouri kó kúrò nílé bàbá wọn, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sẹ́yìn ìlú, níbi tí à ń pè ní New Bell lónìí, kí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 1 sì ṣófo sáàárín wọn àti àwọn òyìnbó. Ẹ̀fọn àti ibà ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Orúkọ tí wọ́n fún àlàfo yìí lédè Jámánì ni freie Zone. Frei: ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe ẹni tó bọ́ lóko ẹrú ni wọ́n fi pe ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ya ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀.

Ibi ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró sí láti fi wo òmìnira àti ìdánìkanwà nínú àwọn eré àti ewì tó ti di àgbà lọ́wọ́ wa. Àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń fi méjèèjì kojú ara wọn bí ọ̀sán àti òru. Ìtàn Douala kò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Rudolf Duala Manga Bell lọ́ba ìran Bell láàárín àwọn ará Duala nígbà náà. Ó kàwé ní Jámánì, ó gbédè wọn, ó sì gbà pé òfin wọn yóò gbèjà òun. Àdéhùn July 12, 1884, tí bàbá bàbá rẹ̀ tọwọ́ bọ̀, tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún onílẹ̀, ló gbé lọ́wọ́. Ó rán akọ̀wé rẹ̀, Adolf Ngoso Din, ní bòókẹ́lẹ́ lọ sí Jámánì kó lọ rojọ́ ìlú. Wọ́n mú àwọn méjèèjì, wọ́n ní wọ́n dìtẹ̀, wọ́n sì so wọ́n kọ́ ní August 8, 1914.

Yorùbá tó bá gbọ́ èyí, Ṣàngó ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Nínú Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní 1963, ọwọ́ ọba fúnra rẹ̀ ni ìdánìkanwà rẹ̀ ti wá: òun ló ti àwọn balógun rẹ̀, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, síra wọn títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí rẹ̀, tí ará ìlú kẹ̀yìn sí i, tó sì pokùn so. Àwọn tó kọ̀ ọ́ náà ló wá ń kígbe pé ọba kò so. Àwọn ará Douala kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí òkùn ìjọba ló wà lọ́rùn ọba wọn. Tet'Ekombo, bàbá ìlú, ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi orúkọ náà kọrin.

Eré Wole Soyinka, Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975, ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn jù. Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó inú eré náà, gbà tọkàntọkàn pé òun gba ẹ̀mí Ẹlẹ́ṣin là nígbà tó dá a dúró kó má kú tẹ̀lé ọba. Ibo ló wá fi í sí? Yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí láyé àtijọ́ kí wọ́n tó kó wọn lọ sí etí òkun ni. Ẹni tí wọ́n gbà là náà fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ní Kamẹrúùn fúnra rẹ̀, òǹkọ̀wé eré Bate Besong ni n kò lè fò. Calabar ni wọ́n bí i sí, ó sì kàwé ní Nàìjíríà. Nínú Beasts of No Nation tó tẹ̀ jáde ní 1990, àwọn agbépòó ìlú Ednouay ló ń bèèrè káàdì ìdánimọ̀. Tún lẹ́tà orúkọ ìlú náà tò, Yaoundé ni. Àwọn tó ń ru ẹ̀gbin gbogbo ìlú lórí ni ìlú kò mọ̀ ní ọmọ. Eré náà le láti tẹ̀ lé, èdè rẹ̀ dì bí igbó, ṣùgbọ́n mi ò mọ eré mìíràn tó fi ìdánìkanwà àwọn tó wà láàárín èrò hàn báyìí. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Yaoundé ní 1991, wọ́n mú Besong. Ọ̀nà Douala sí Yaoundé ni jàǹbá ọkọ̀ ti pa á ní March 8, 2007.

New Bell ńkọ́? Ogun 1914 dá ètò Jámánì dúró lágbede méjì. Adúgbò àlejò ni New Bell dà, Haúsá àti ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Douala ń bẹ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti akọrin Lapiro de Mbanga mọ́ láti 2008 dé 2011. Orin tó kọ ní 2008 lòdì sí àtúnṣe òfin tó mú òpin kúrò lórí iye ìgbà tí ààrẹ lè du ipò ti mú kí ìjọba bínú sí i.

Ní 2010, ayàwòrán Hervé Yamguen, tí òun náà ń kọ ewì, kó ọ̀rọ̀ orin ráàpù jọ, ó sì tò ó sára ògiri ilé àwọn ará New Bell. Ọ̀rọ̀ wọn wà lára ògiri, láàárín adúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀ kí a má baà gbọ́ ohùn àwọn tó wà níbẹ̀.