Ìwé Ńlá Prótókọ́ọ̀lù Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Iyaro: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Stevens àti Kozierok

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbà kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà. Èyí tó yá ni ti ìdánwò ìwé-ẹ̀rí: akẹ́kọ̀ọ́ á kó ìbéèrè àtẹ̀yìnwá jọ, á há àwọn àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ráútà sórí, á yege, á sì wáṣẹ́ lọ. Èyí tó pẹ́ ni pé kí ó jókòó ti ìwé ìtọ́kasí ńlá kan, irú èyí tí ojú-ìwé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, kí ó máa tọpa prótókọ́ọ̀lù, ìyẹn àdéhùn tí ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀nà kejì yìí ni mo wà. Ẹni tó há àṣẹ sórí mọ ohun tí yóò tẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé; ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú ni a ń mọ ẹni tó kàwé.

Síbẹ̀, àwọn ìwé náà ní ibi tí wọ́n mọ. Wọ́n péye lórí ohun tó ń kọjá láàárín ẹ̀rọ méjì, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dúró pẹ́ lórí ohun tó ń kọjá láàárín ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan àti èkejì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú ti máa ń dé bá wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Iyaro ní ìlú Bìní ni mo fi ṣe ibùdó àgbéyẹ̀wò yìí: àdúgbò gárééjì, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Èkó àti àwọn ìlú mìíràn, ní ìlú tí Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 ti ń tú akẹ́kọ̀ọ́ sígboro láti Ugbowo.

Láti RFC dé ìwé

Kí àwọn ìwé wọ̀nyí tó wà ni RFC ti wà, ìyẹn àwọn àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣàlàyé bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́. Steve Crocker kọ èkíní ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1969. Ní oṣù Kẹsàn-án 1981 ni RFC 791 tó ṣàpèjúwe IP àti RFC 793 tó ṣàpèjúwe TCP jáde, Jon Postel sì ni olóòtú àwọn méjèèjì. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1983, ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bí íntánẹ́ẹ̀tì, pa prótókọ́ọ̀lù àtijọ́ rẹ̀ tì, ó bọ́ sórí TCP/IP. Ọ̀fẹ́ ni RFC títí dòní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ìwé lè gbà wọ́n sórí fóònù rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ fún. RFC kò ní sùúrù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tó ń jẹ́ pọ́ọ̀tù.

Douglas Comer wà lára àwọn tó tètè dí àlàfo yẹn, nígbà tó gbé Internetworking with TCP/IP jáde ní 1988. Èyí tó wá di ìwé àgbà láàárín àwọn onímọ̀ ni ti W. Richard Stevens, TCP/IP Illustrated, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1994. Ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti bí Stevens: ìlú Luanshya ni, ní 1951, nígbà tí Zambia ṣì ń jẹ́ Northern Rhodesia. Ó kú ní 1999. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò sọ fún wa pé TCP ń ṣe báyìí báyìí kí ó sì kọjá lọ. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré kan, ẹ̀rọ orí rẹ̀ ń jẹ́ bsdi, sun, svr4 àti slip. Ó ń fi tcpdump wo ohun tó ń kọjá lórí wáyà, ó ń tẹ ohun tó rí sínú ìwé bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ó wá ń ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ kan bá hùwà tí kò bá RFC mu, Stevens á tọ́ka sí i. Òun àti Gary Wright ló jọ kọ ìdìpọ̀ kejì ní 1995, wọ́n sì tú nǹkan bí 15,000 ìlà kóòdù TCP/IP inú 4.4BSD-Lite palẹ̀ níbẹ̀. Ní 2011, Kevin Fall sọ ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ dọ̀tun.

Charles Kozierok gba ọ̀nà mìíràn. The TCP/IP Guide rẹ̀, tí No Starch Press tẹ̀ jáde ní 2005, lé ní 1,600 ojú-ìwé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kọ ọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ ohun tó kọjá lórí wáyà síta bíi Stevens. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń sọ ohun tí báìtì jẹ́, ó ń ya tábìlì, ó ń tún ohun tó ti sọ sọ ní ìlànà mìíràn. Ẹni tó ti mọ díẹ̀ lè rò pé àsọtúnsọ ti pọ̀ jù. Ní tèmi, oore ńlá ni àsọtúnsọ yẹn fún ẹni tí kò ní olùkọ́. Ìwé yẹn ni mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dá wà kọ́kọ́ ṣí. Kí ó tó di pé ó mú Stevens, kí ó ti lè ka tcpdump láìṣẹ́jú.

Báwo ni irú ìwé báyìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò tíì múlẹ̀? Ìtàn náà kò gùn. Ní 1995 ni wọ́n fi àkóso orúkọ .ng sọ́wọ́ Yaba College of Technology, Ìyáàfin Ibukun Odusote ló sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì SKANNET, tí Sunday Folayan wà lára wọn, ń bá tiwọn bọ̀ ní Ìbàdàn; Nii Quaynor àti ilé-iṣẹ́ NCS ti ń ṣe tiwọn ní Ghana. NSRC tó wà ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà ń kó ìwé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì Áfíríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó di ẹni ńlá nídìí iṣẹ́ yìí lónìí ló sì jẹ àǹfààní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí AfNOG, ìpàdé àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní 2000, tó dé Lomé ní 2002, tó sì dé Abuja ní 2007, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò fi ìwé nìkan kọ́ni: ráútà wà lórí tábìlì, akẹ́kọ̀ọ́ ń so ó pọ̀, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe. Ìwé àti ọwọ́ ń rìn pọ̀.

Ohun tó wà lára ẹrù

Ọ̀rọ̀ ìpele ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọnù. Ìwé á ya ìpele méje sórí ara wọn, ọmọ á há orúkọ wọn, kò ní mọ ohun tí wọ́n wà fún. Ẹni tó bá ti fi wébìlì ránṣẹ́ rí ní Iyaro ti mọ̀ ọ́n tán. Á di ẹrù, á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà l'Ékòó sí i lára, á gbé e fún àwọn tó ń gba ẹrù. Àwọn náà á kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, wọ́n á yan ọkọ̀ fún un. Awakọ̀ kò mọ̀ bóyá aṣọ ni tàbí gàárì, kò sì kàn án. Ẹ̀gbọ́n tó ń retí ẹrù kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú táyà. Olúkúlùkù ń ka àkọlé tó jẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ HTTP ṣe ń wọ inú TCP, tí TCP ń wọ inú IP, tí IP ń wọ inú férémù Wi-Fi.

Ẹ jẹ́ ká ṣí orí pákẹ́ẹ̀tì IP wò. Báìtì 20 ni, bí kò bá ní àfikún. Nínú rẹ̀ ni àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ti ẹni tí yóò gbà á wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń sọ prótókọ́ọ̀lù tó wà nínú: 6 fún TCP, 17 fún UDP, 1 fún ICMP. Báìtì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní TTL, tí iye rẹ̀ kò lè ju 255 lọ. Ráútà kọ̀ọ̀kan tó bá gba pákẹ́ẹ̀tì kọjá á yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá di òdo, ráútà yẹn á da pákẹ́ẹ̀tì nù, á sì fi ICMP ránṣẹ́ padà sí ẹni tó ni ín. Nítorí kí pákẹ́ẹ̀tì má baà máa yí kiri títí láé ni wọ́n ṣe fi sí i. Van Jacobson wá lo ọgbọ́n sí i nínú traceroute: ó fi TTL 1 ránṣẹ́, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 3, àwọn ráútà ojú ọ̀nà sì ń sọ ara wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Iyaro so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ fóònù, kí ó sì ṣe traceroute lọ síbi kan. Ìlà àkọ́kọ́ á sábà jẹ́ àdírẹ́sì 192.168, ìyẹn fóònù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lè rí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí 100.64. Kozierok yóò ràn án lọ́wọ́ lórí 192.168 àti 10, nítorí RFC 1918 ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti 1996. Ṣùgbọ́n kò ní bá 100.64 gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ nínú ìwé náà rárá, nítorí oṣù Kẹrin 2012 ni RFC 6598 yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ wa gan-an sì ni. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 láyé kò ju 4,294,967,296 lọ, a sì débi ìpín náà nígbà tí àwo ti fẹ́ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo dátà fóònù ní Bìní kò fi lè gbé sáfà kalẹ̀ sílé kí ará ìta sì rí i wọlé bó ṣe wà nínú àpẹẹrẹ ìwé.

Ó tún ku ibi méjì tí ọjọ́ orí ìwé ti ń hàn. Stevens ti 1994 fi odindi orí kan ṣàlàyé BOOTP, ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń gba àdírẹ́sì. DHCP tí fóònù wa ń fi gba àdírẹ́sì lónìí, inú Kozierok la ó ti bá a lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Àwọn ìwé méjèèjì ló sì gbà pé orí TCP ni wẹ́ẹ̀bù ń rìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí Wireshark, irinṣẹ́ tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá hàn, kí ó sì tan YouTube: ó ṣeé ṣe kí ó rí UDP lórí pọ́ọ̀tù 443, ìyẹn QUIC, tó di RFC 9000 ní oṣù Karùn-ún 2021. Kí ó má sọ ìwé nù. Bí QUIC ṣe ń ka pákẹ́ẹ̀tì, tó ń dúró de ìdáhùn, tó ń tún èyí tó sọnù fi ránṣẹ́, ẹni tó bá ti lóye TCP lọ́wọ́ Stevens yóò dá gbogbo rẹ̀ mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2018

Orí BGP ni mo ń bọ̀. Òun ni prótókọ́ọ̀lù tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń sọ fún èkejì pé, "Àwọn àdírẹ́sì báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ lè gbà dé ibẹ̀." Kirk Lougheed àti Yakov Rekhter ló ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ìnuwọ́ nídìí oúnjẹ ní 1989. Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ti Stevens kò fún un ju abala kékeré kan lọ nínú orí tó jẹ́ ti ọ̀nà pákẹ́ẹ̀tì. Kozierok fún un ní orí kan, ó sì dára, ṣùgbọ́n orí kan náà ni láàárín 1,600 ojú-ìwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dárúkọ yìí, MainOne ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe. Ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke dá sílẹ̀ ni, tó na okùn abẹ́ òkun láti Portugal dé Accra àti Èkó ní 2010. Òun kan náà ló bá Facebook dáwọ́ lé fíbà tí wọ́n kéde pé yóò tó 750 sí 800 kìlómítà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Ògùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí Iyaro. MainOne àti Google so ara wọn pọ̀ ní IXPN, ibùdó tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé l'Ékòó, kí ẹrù Nàìjíríà má baà máa gba òkèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ Google. Àṣìṣe wọ inú àsẹ́ BGP wọn, ìyẹn ìlànà tó ń yan ọ̀nà tí ráútà lè sọ fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí Google fi hàn wọ́n fún àwọn oníbàárà tiwọn nìkan, wọ́n tún un sọ fún China Telecom. China Telecom gbà á gbọ́, ó sọ ọ́ fún àwọn mìíràn, TransTelecom ti Rọ́ṣíà wà lára wọn. Ọ̀nà ìpolówó 212 tó jẹ́ ti Google ló jò. Bí ó ṣe hàn sí ayé nìyí, láti òpin bọ̀ síwájú ni a sì ń kà á:

20485 4809 37282 15169

Google ni 15169, MainOne ni 37282, China Telecom ni 4809, TransTelecom ni 20485. Fún ìṣẹ́jú 74, ẹrù Google láti àwọn apá kan láyé ń gba Rọ́ṣíà àti China kọjá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣègbé lójú ọ̀nà. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀. MainOne fúnra wọn ló jáde sọ pé àṣìṣe ìtúnṣe ni, àwọn sì ti tún un ṣe. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ìwé ìdánwò kan lè kọ́ni ní àṣẹ tí a fi ń gbé BGP dìde láàárín ráútà méjì. Kò ní sọ fún ọmọ náà pé ìlà kan ṣoṣo tó bá fò nínú àsẹ́ lè gbé ẹrù ayé gba ìhà tí kò yẹ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ náà, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan: ilé-iṣẹ́ tó ti bá ẹlòmíràn dá májẹ̀mú BGP sórí okùn tó ṣẹ́kù rí ọ̀nà gbà, àwọn tí kò ní òmíràn sì dúró.

Nítorí náà, ètò ìkàwé tí mo dábàá fún akẹ́kọ̀ọ́ wa kò tẹ̀lé bí ìwé ṣe tò. Kí ó ka IP, ARP, DNS àti TCP nínú Kozierok, kí ó máa ṣí Wireshark lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó fo ọ̀pọ̀ nínú àwọn prótókọ́ọ̀lù àtijọ́ tó kún àárín ìwé. Bí wọ́n bá wúlò lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Kí ó wá ka TCP lọ́wọ́ Stevens. Lẹ́yìn èyí ni kí ó lo àkókò gígùn lórí BGP, kí ó mú ìwé Sam Halabi, Internet Routing Architectures, tó jáde ní 1997, kún un. Kí ó sì fi ìlà onínọ́ńbà mẹ́rin tí mo tẹ̀ sókè dán ara rẹ̀ wò: kí ló dé tí RPKI, ètò ìjẹ́rìí ẹni tó ni àdírẹ́sì tí gbogbo ènìyàn ń pariwo lónìí, kò bá tíì dá èyí dúró? Ìdáhùn wà ní òpin ìlà náà. Google ṣì ni orísun, ẹni tó jẹ́ orísun sì ni àyẹ̀wò RPKI tó wọ́pọ̀ ń wò, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ohun tó lè dá a dúró ni àsẹ́ tó péye, àti ohun tí RFC 9234 ti oṣù Karùn-ún 2022 mú wá: kí ráútà méjèèjì ti fẹnu kò nígbà tí wọ́n ń so pọ̀ bóyá oníbàárà ni ẹnì kejì, tàbí ẹlẹgbẹ́, tàbí olùpèsè, kí wọ́n sì fi àmì sára ọ̀nà tí kò yẹ kó kọjá ọ̀dọ̀ wọn.