Tìmùtìmù: Ìjókòó Ọba àti Iṣẹ́ Àtúnṣe Rẹ̀ ní Agbègbè Pobè àti Sakété

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun ọ̀ṣọ́ ọba ní ilẹ̀ Yorùbá, adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọ̀pá àṣẹ ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ dé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí tìmùtìmù. Bẹ́ẹ̀, orí apẹrẹ ni a ń sọ pé ọba gùn: ìjókòó ni èdè wa fi ń pe oyè. Ní ọ̀pọ̀ ààfin, ẹsẹ̀ ọba kì í sì í kan ilẹ̀ lásán ní ọjọ́ ọdún. Orí tìmùtìmù ni wọ́n ń gbé e lé.

Ìdí tí a fi gbàgbé rẹ̀ kò fara sin. Igi àti idẹ a máa pẹ́, aṣọ àti awọ a máa jẹrà. Nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, irú ohun rírọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè la iná já. Èyí tí ó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun lónìí, tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí àwọn òyìnbó kó wá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò sábà dàgbà púpọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Awọ ewúrẹ́ ni àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ fi ń rán tiwọn, pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n sì fi ń pa á láró pupa. Inú rẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Òwú àràbà ni a ń kì sí i. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, èso àràbà a gbó, a là, òwú a sì tú jáde. A kì í gé igi náà nítorí rẹ̀, pàápàá níbi tí a ti kà á sí ilé ẹ̀mí. Inú fọ́nrán òwú yìí ṣófo, ohun kan bí ìda sì bò ó lára, ìdí nìyí tí omi kì í fi í tètè wọ̀ ọ́. Òun kan náà ni àwọn òyìnbó kì sínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí atukọ̀ rì.

Àtúnṣe rẹ̀ gba sùúrù. A ó tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, a ó kó òwú jáde, a ó sá a sóòrùn, a ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ nà án títí yóò fi wú. Èyí tí ó ti hu a ó dà nù; ìyókù a ó pò mọ́ tuntun. Lẹ́yìn náà ni a ó fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn tí a fi ìda pa rán an padà. Nítorí náà, awọ tìmùtìmù lè jẹ́ ti ọdún yìí, kí òwú inú rẹ̀ jẹ́ ti ayé ọba àná.

Àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Ògún, 1889, fi Pobè àti Sakété sí ọwọ́ Faransé, ó fi Ìláròó sí òdìkejì. Àga onírọ̀gbọ̀kú tẹ̀lé ìjọba wọlé, àwọn aránṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí pe tìmùtìmù rẹ̀ ní coussin. Lẹ́yìn náà ni fóòmù dé, èyí tí ó ti inú iṣẹ́ Otto Bayer ní Jámánì ní 1937 wá. Ó rọrùn láti gé, ẹ̀rọ sì lè rán ìbòrí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí fún ilé. Ṣùgbọ́n fún àga ìta, fóòmù a máa fa omi mu bí kànìnkànìn: ọba tí ó bá jókòó lé e lẹ́yìn òjò yóò dìde pẹ̀lú agbádá tútù. Ìbòrí rọ́bà tí wọ́n ń fà lé e lórí ń dí omi lókè, ojú rírán ni omi sì ń gbà wọlé.

Awọ kò ṣòro láti rí di ìsinsìnyí. Ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń na òwú àràbà ni ó ń dínkù, ọ̀pọ̀ tìmùtìmù àtijọ́ sì ń lọ sí ààtàn nítorí ojú rírán kan ṣoṣo tí ó já.