Florence Li Tim-Oi, Obìnrin Àkọ́kọ́ Tí A Fi Jẹ Àlùfáà nínú Ìjọ Áńgílíkà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ìbéèrè bóyá ó yẹ kí a fi obìnrin jẹ àlùfáà ti fa ìyapa púpọ̀ láàrin àwọn Ìjọ. Nínú Ìjọ Áńgílíkà, kì í ṣe àròyé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìṣe. Ebi Oúnjẹ Olúwa ni. Nítorí náà, ó tọ́ kí a gbọ́ ìtàn náà kí a tó ṣe ìdájọ́.

Hong Kong ni a bí Li Tim-Oi sí ní ọdún 1907. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ṣáínà ka ọmọbìnrin sí ohun kékeré, bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ọmọ tí a fẹ́ púpọ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́ ní Canton. Ní ọdún 1941 a yà á sọ́tọ̀ ní díákónì obìnrin, ìtọ́jú Ìjọ tí ń bẹ ní Macau sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òpin ọdún náà ni àwọn ọmọ-ogun Jàpáánì gba Hong Kong. Macau wà lábẹ́ àwọn Potogí, tí wọn kò sí nínú ogun. Nítorí náà àwọn tí ogun lé kúrò nílé rọ́ wọ ibẹ̀, títí ìlú náà fi kún fún ebi àti òkú. Tim-Oi ni ó ń wàásù, òun ni ó ń sin òkú. Ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà tí ó lè la ojú ogun kọjá wá láti fún wọn ní Oúnjẹ Olúwa.

Bíṣọ́ọ̀pù Ronald Hall rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì ránṣẹ́ pè é. Obìnrin náà rin ìrìn eléwu la ilẹ̀ tí ogun gbà kọjá. Ní Xinxing, ní ọjọ́ 25 oṣù Kínní ọdún 1944, ọjọ́ ìrántí ìyípadà Pọ́ọ̀lù Mímọ́, Hall gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì fi í jẹ àlùfáà. Ó fi ohun tí ó ṣe yìí wé ti Pétérù nígbà tí ó gba Kọ̀nélíù sínú Ìjọ.

Nígbà tí ogun parí, ìbínú àwọn àgbà Ìjọ dé bá Hall. Kí ìyọnu má bàa bá a, Tim-Oi dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà ní ọdún 1946, ṣùgbọ́n kò kọ oyè rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ni ènìyàn lè gbà. Ọwọ́ tí a ti gbé lé ni lórí, ta ni yóò gbé e kúrò? Ní ọdún 1948, ìpàdé àwọn Bíṣọ́ọ̀pù ní Lambeth kọ ẹ̀bẹ̀ Ìjọ Ṣáínà pé kí a dán irú rẹ̀ wò fún 20 ọdún. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí a ti àwọn ilé Ọlọ́run pa ní Ṣáínà, adìẹ ni ó ń sìn nínú oko.

Ní ọdún 1971, Ìjọ Hong Kong fi obìnrin méjì jẹ àlùfáà, ó sì jẹ́rìí sí oyè Tim-Oi. Ó sùn nínú Olúwa ní Toronto ní ọdún 1992. Ní ọdún 1994, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi obìnrin 32 jẹ àlùfáà ní Bristol.

Ẹ̀yin ará, àwọn tí ó kọ̀ kò ṣàìní ìdí: wọ́n tọ́ka sí àwọn àpọ́sítélì méjìlá, wọ́n sì bẹ̀rù ìyapa. Títí di òní, àwọn Ìjọ kan kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá jiyàn ọ̀ràn yìí, kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé: àwọn wo ni ebi ń pa, ta sì ni Olúwa ti fi sí àárín wọn?