Ọba Kì í Pọ̀kọrin: Ọnà Tuntun, Ìtàgé àti Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá, 1906 sí 1977

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ gbọ̀ngàn eré kan sí Ìgandò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ní àkókò Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé. Irú rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́, ní Àgbádárìgì àti ní Òrégún. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìgandò, Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá, oko ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì wà ní ọ̀dọ́. Lónìí, ilé ti lé oko lọ. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ibi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, ibò ibẹ̀ kì í kéré, àwọn olóṣèlú kì í sì í fi í ṣeré. Gbọ̀ngàn yẹn ló mú mi ronú kan ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé: bí ìjọba bá kọ́ ìtàgé, irú ọ̀rọ̀ wo ni òṣèré lè sọ lórí rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ọba kì í pọ̀kọrin. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ fẹ́ràn láti tọ́ka sí òwe yìí bí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé òmìnira wà fún akọrin nílẹ̀ Yorùbá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ òmìnira náà ní ààlà. Ní Kétu àti ní Yewa, ohun tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó gbé agọ̀, bá fi orin sọ sí olóyè ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò sẹ́ni tí yóò pè é lẹ́jọ́ lé e lórí. Ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, tọmọdé tàgbà ní í kọrin èébú sí aláṣẹ ní ìgboro Ìbàdàn. Bí ọdún bá ti kásẹ̀, ààbò náà kásẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé orin Ẹ̀fẹ̀ lọ kọ láàárín ọjà ní ọjọ́ kẹta, wàhálà ló ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọnà tuntun ti ọ̀rúndún ogún mú orin náà kúrò ní òru tí àṣà yà sọ́tọ̀ fún un. Ó gbé e wọ gbọ̀ngàn tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀, ó gbé e sórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì ń ṣe é ní ọjọ́ tó bá wù ú. Níbẹ̀ ni òun àti ìjọba ti kọlu ara wọn, nítorí òfin tí òyìnbó gbé wá, tí àwọn tiwa sì jogún, kò mọ òru Ẹ̀fẹ̀.

Àwọn aṣíwájú ogun ní Yúróòpù

Ìjà yìí ti kọ́kọ́ le ní Yúróòpù, ó sì tọ́ kí a wò ó níbẹ̀ ná. Avant-garde, orúkọ tí àwọn Faransé fún irú ọnà yìí, ọ̀rọ̀ ojú ogun ni. Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣíwájú, tí ọfà kọ́kọ́ ń bà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1909, Filippo Marinetti, akéwì ọmọ Ítálì, gbé ìkéde àwọn Futurist jáde nínú ìwé ìròyìn Le Figaro ní Paris. Ó yin ẹ̀rọ, ó yin eré àsápajúdé, ó yin ogun pẹ̀lú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun àti Mussolini jọ du ìbò ní Milan lábẹ́ ẹgbẹ́ kan náà.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà òdìkejì. Ní ọdún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń jó lọ ràì, Hugo Ball, akéwì ọmọ Jámánì, àti àwọn tó sá kúrò nílé nítorí ogun ṣí ilé ọtí Cabaret Voltaire ní Zurich. Wọ́n ń ké ewì tí kò ní ìtumọ̀ kankan, torí ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, lójú tiwọn, ni wọ́n fi tan àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ikú. Siwisilandi kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ogun náà, ìdí nìyẹn tí ẹnu wọn fi gbà á. Mo rí ilé ọtí kékeré yẹn bí òru Ẹ̀fẹ̀ tiwọn.

Ní Rọ́ṣíà, àwọn oníṣẹ́ ọnà tuntun fi gbogbo ara gba ìyípadà ọdún 1917. Tatlin, ọ̀kan nínú wọn, gbé àpẹẹrẹ ilé ìṣọ́ ńlá kan kalẹ̀ ní 1920, ilé tí wọn kò kọ́ rí. Kò pẹ́ tí ìjọba tí wọ́n sìn fi yíjú sí wọn. Ní 1932, àṣẹ jáde pé kí gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà tú ká, ní 1934 a sì sọ irú ọnà kan ṣoṣo di ti ìjọba. Meyerhold, olùdarí eré tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù Kejì 1940.

Ti Jámánì ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ère àti idẹ Benin lọ ní 1897, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì balẹ̀ sí mùsíọ̀mù Jámánì. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ní Dresden àti Paris rí ère àti agọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ojú wọn là sí ọ̀nà tuntun. Picasso rí agọ̀ bẹ́ẹ̀ ní mùsíọ̀mù Trocadéro ní 1907. Nígbà tí ìjọba Hitler pàtẹ iṣẹ́ àwọn ará Jámánì inú wọn àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Munich ní oṣù Keje 1937 láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, iṣẹ́ bíi 650 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn mùsíọ̀mù, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé iṣẹ́ wọn jọ ti aláwọ̀ dúdú. Ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ wa ló sọ àwọn ọmọ tiwọn di ọ̀daràn.

Ọnàbólú àti àwòrán tó jọ ènìyàn

Ní 1906, ọdún kan ṣáájú kí Picasso tó rí àwọn agọ̀ yẹn, Ainá Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ya àwòrán obìnrin kan ní Èkó, Ìyáàfin Spencer Savage. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ojú obìnrin náà hàn gedegbe, aṣọ rẹ̀ wà bó ṣe wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú Paris wò ó yóò sọ pé ọnà àtijọ́ ni. Ní Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn òyìnbó ń wí nígbà náà pé ọpọlọ adúláwọ̀ kò gbé irú iṣẹ́ yìí, Ọnàbólú sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ wọ́n di òpùrọ́. Nítorí náà, ìdájọ́ mi ni pé òun ni aṣíwájú ọnà tuntun lọ́dọ̀ wa. Ohun tí aláṣẹ bá sọ pé o kò lè ṣe, bí o bá ti ṣe é, o ti wọ òṣèlú.

Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó, ó sì rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ ọnà, wá ní 1927 láti ràn án lọ́wọ́. Murray dé tán, ó ní ọnà ìbílẹ̀ ni kí àwọn ọmọ gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ṣùgbọ́n Ọnàbólú kò gbà pé kí àjèjì tún máa pààlà ohun tí ọmọ adúláwọ̀ lè kọ́.

Ògúndé

Bí a bá ń wá ẹni tó mú orin Ẹ̀fẹ̀ wọ gbọ̀ngàn, Hubert Ògúndé ni. Ọ̀sọ́sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ọlọ́pàá ni, ó sì ń ṣe eré ìjọ Aládùúrà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1944, ó gbé The Garden of Eden sórí ìtàgé ní Glover Memorial Hall, Èkó. Ìtàn Ádámù àti Éfà ni, kò sì sí ohun tó kan ìjọba nínú rẹ̀.

Ọdún kejì ni ayé yí padà. Ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó oṣù kò sì kúrò lójú kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Michael Imoudu ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù nínú wọn. Ó lé ní oṣù kan kí iṣẹ́ tó padà. Ògúndé gbé ọ̀rọ̀ náà sínú eré tó pè ní Strike and Hunger. Kò fi ìjà náà pamọ́ sínú ìtàn Bíbélì mọ́. Ó gbé eré náà rìn láti ìlú dé ìlú bí àwọn alárìnjó ayé àtijọ́. Nígbà tó dé Jos ní 1946, àwọn ọlọ́pàá dá eré dúró, wọ́n sì mú un lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún yẹn náà ló fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, Enugu. Ọdún tó tẹ̀lé e, Ògúndé ṣe Bread and Bullet. Wọ́n tún fòfin dè é ní ilẹ̀ Àríwá. Ẹ kíyè sí ibi tí ìlekoko náà ti wá lórí eré méjèèjì yìí: ìlú tí Ògúndé ti jẹ́ àlejò ni wọ́n ti ń dá a dúró. Ní Èkó, èrò kún gbọ̀ngàn, owó ẹnu ọ̀nà ń wọlé, ó sì ń fi í jẹun. Lójú tèmi, owó ẹnu ọ̀nà yẹn ló gbé e dúró ju ohunkóhun lọ. Kò sí ọ̀gá kan tó lè sọ pé òun ló rán an níṣẹ́.

Nígbà kan tó gbà kí aláṣẹ bẹ òun níṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ní 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ní kí ó wá ṣeré fún àwọn ní Ìbàdàn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọ̀gá Akíntọ́lá tẹ́lẹ̀ nínú òṣèlú, wà lẹ́wọ̀n nígbà náà. Ògúndé gbé Yorùbá Ronú wá, ìtàn ọba tí igbákejì rẹ̀ tà fún ọ̀tá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Ní oṣù Kẹta, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò agbègbè náà. Ó fi eré mìíràn dá wọn lóhùn, Òtítọ́ Korò. Ìfòfindè náà kò kúrò títí di oṣù Kejì 1966, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba, tí Fájuyì di gómìnà agbègbè náà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan Alímọ̀ṣọ́. Ní 1964, Ìkẹjà àti gbogbo abúlé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì sí nínú Èkó. Agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n wà, títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà ní Ìgandò tàbí Ìkọ̀tún, bó bá fẹ́ wo Ògúndé láàárín ọdún méjèèjì yẹn, ní láti ré ààlà kọjá lọ sí Èkó, níbi tí òfin Ìbàdàn kò dé. Ààlà tí ojú kò rí yẹn ló ya eré tó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára eré ọ̀daràn.

Zaria, Mbari, àti owó tó ti òkèèrè wá

Láàárín 1958 sí 1961, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria kọ̀ láti máa ṣe bí olùkọ́ wọn òyìnbó ti ní kí wọ́n ṣe. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, wà nínú wọn. Okeke kọ ìkéde wọn ní ọdún òmìnira: kí a mú èyí tó dára nínú ti ilé àti nínú ti òkèèrè, kí a pò wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọba àti ìjọ Ọlọ́run ló ń gbé iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. N kò bú wọn fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìjọba sanwó fún kì í sábà bá ìjọba wí.

Ẹgbẹ́ Mbari ti àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, kó Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti J. P. Clark jọ. Ọdún kejì ni ti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Dúró Ládiípọ̀, ẹni tí eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin ní 1964. Ìdílé Beier ti sá kúrò ní Jámánì nítorí Hitler. Susanne Wenger, tó tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, wá láti Austria. Báyìí ni àwọn tí ogun ọnà Yúróòpù tú ká ṣe wá bá wa kọ́ ilé tuntun.

Owó Mbari wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Congress for Cultural Freedom tó wà ní Paris. Ní 1966 àti 1967, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú àṣírí pé CIA, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló ń gbé owó náà sẹ́yìn ẹgbẹ́ yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Mbari kò di asán nítorí èyí. Síbẹ̀, ó dun ni. Ẹni tó rò pé òun ń ṣe tinú òun, ẹlòmíràn wà ní yàrá kejì tó ń kà á mọ́ ọmọ ogun tirẹ̀.

Ọdún 1977

Ìjọba ológun kọ́ National Theatre sí Igánmú fún FESTAC, àjọ̀dún ọnà àti àṣà àwọn adúláwọ̀ lágbàáyé, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1977, tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin, kọ̀ láti bá wọn ṣe é. Ó ń ṣeré tirẹ̀ ní Ṣíráìnì, ilé ijó rẹ̀, àwọn àlejò FESTAC sì ń wá wò ó. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ Zombie, tó fi àwọn sójà ṣẹ̀sín, ti wà lójà láti 1976, àwòrán sójà tí Ghariokwu Lemi ṣe sì wà lára páálí rẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí. Àwọn àlejò ti lọ sílé wọn tán kí àwọn sójà tó dé. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ni wọ́n dáná sun Kalakuta, ilé Fẹlá. Wọ́n ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ìyá Fẹlá, láti ojú fèrèsé. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ kò rí ẹnì kan dárúkọ ju sójà tí a kò mọ̀. Ọba yẹn pọ̀kọrin, ó sì gba ọ̀dọ̀ ìyá akọrin lọ.

Gbọ̀ngàn Ìgandò dúró lónìí lórí ilẹ̀ tí òfin 1964 kan. Mo ń rọ àwọn tó wà nídìí rẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ́kọ́ ka eré wò bóyá ó bá ìjọba wí kí wọ́n tó yá òṣèré ní ìtàgé. Mo sì ń rọ ẹgbẹ́ òṣèré tó bá ní ọkàn láàárín Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò pé kí wọ́n lọ gbé Yorùbá Ronú síbẹ̀, kí wọ́n sì ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.